Widal 1:160: ṣé táífọ́ọ̀dù ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mararaba là ń gbé, Wuse ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó di ọjọ́ kẹrin báyìí tí ara rẹ̀ ń gbóná lálaalẹ́, tí orí ń fọ́ ọ, oúnjẹ ò sì wọlé mọ́. Láàárọ̀ òní ó mu kunu, ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní láàbù kan lẹ́bàá ọjà. Ohun tí wọ́n kọ nìyí: S. Typhi O 1:160, H 1:160, Paratyphi A O 1:80, Paratyphi B O 1:80, malaria +, PCV 42, FBS 6.4, creatinine 98. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò ní táífọ́ọ̀dù ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pé abẹ́rẹ́ mẹ́wàá ni yóò gbà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé lọ́dún yìí. Ọ̀la la máa rí dókítà. Ṣé kó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ náà lálẹ́ yìí? Ẹ̀rù creatinine yẹn náà ń bà mí, torí 1.1 péré ni ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ìdáhùn: Arábìnrin mi, kó má gba abẹ́rẹ́ kankan lálẹ́ yìí. Àyàfi bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn àmì ewu tí mo kọ sí ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lóru, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta oògùn.

Ìbéèrè yìí ò tán lọ́wọ́ wa, láti Nyanya, láti Kubwa, láti Lugbe. Ìwé àyẹ̀wò lè yàtọ̀, àṣìṣe kan náà ló máa ń wà ńbẹ̀: wọ́n ka èsì Widal, ìyẹn àwọn ìlà Typhi àti Paratyphi lórí ìwé yín, bí ẹni pé kòkòrò ni láàbù rí. Àyẹ̀wò Widal kì í wá kòkòrò táífọ́ọ̀dù rárá. Láti ọdún 1896 tí Georges Widal, dókítà ará Faransé, ti gbé e jáde, iṣẹ́ kan ló ń ṣe: ó ń wò ó bóyá ara ti pèsè àwọn ajagun tó ń bá kòkòrò náà jà. Antibody là ń pè wọ́n. Ẹ fi wọ́n wé ọdẹ àdúgbò. Olè jà lóṣù kẹta, àdúgbò háyà ọdẹ. Olè ti lọ tipẹ́, ọdẹ ṣì ń rìn yípo lóru pẹ̀lú fèrè rẹ̀. Ṣé ẹni tó bá rí ọdẹ lẹ́nu géètì á wá máa pariwo pé olè wà nínú yàrá?

Lẹ́tà O àti H tó wà lórí ìwé yín, oríṣi antibody méjì ni wọ́n. H ló máa ń pẹ́ jù lára, ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù, ó lè lo ọdún. Antibody O máa ń tètè wálẹ̀ jù ú lọ, àmọ́ òun náà kì í lọ lóòjọ́. Ibà ẹ̀fọn nìkan lè mú kí Widal gbéra. Ní ìlú tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀ bíi tiwa, bí a bá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn le koko, a máa rí 1:80 lára púpọ̀ nínú wọn, a óò sì rí 1:160 lára àwọn kan.

Ẹ tún ka ọjọ́. Ara sábà máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ kan kí antibody tó pọ̀ débi tí Widal á fi rí i. Ọjọ́ kẹrin ni ọkọ yín ṣì wà. Ó ṣeé ṣe dáadáa pé ohun tí wọ́n rí yẹn ti wà lára rẹ̀ kí àìsàn yìí tó dé. Ní ti pé Typhi, tí í ṣe kòkòrò táífọ́ọ̀dù, àti Paratyphi A àti B, tí wọ́n jẹ́ ìbátan rẹ̀, jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má rò pé àrùn mẹ́ta ló kó. Àwọn kòkòrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àmì kan náà lára tí à ń pè ní O12. Antibody tó bá dá àmì yẹn mọ̀ á lẹ̀ mọ́ gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí wọ́n ṣe ń rí 1:160 yẹn hàn yín. Wọ́n á yí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀rọ títí omi aláwọ̀ ìyeyè á fi tòrò sókè. Wọ́n á kán omi yẹn sórí táìlì funfun lóríṣiríṣi ìwọ̀n: máíkírólítà 80, 40, 20, 10, 5. Wọ́n á kán oògùn àyẹ̀wò lé e, èyí tó ní búlúù fún O, èyí tó pupa fún H, wọ́n á pò ó, wọ́n á sì máa mi táìlì náà jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré. Bí antibody bá wà, á ṣẹ́ kókó bíi wàrà tó bàjẹ́. Ìwọ̀n tó kéré jù tó ṣì ṣẹ́ kókó ni wọ́n ń kọ sílẹ̀. Máíkírólítà 20 ni 1:80, 10 ni 1:160. Máíkírólítà 10 tó wà láàárín méjèèjì kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀kán omi lọ! Láàbù tí kò bá ní pipette tó ń wọn nǹkan, tó ń fojú díwọ̀n, àbá ló ń dá. Bí wọ́n bá gbàgbé táìlì náà kọjá ìṣẹ́jú kan, pàápàá nígbà ọyẹ́ tàbí lábẹ́ fáànù, etí rẹ̀ á gbẹ, á sì jọ pé ó ṣẹ́ kókó. Oògùn àyẹ̀wò náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú fìríìjì, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius; bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ìdí nìyẹn tí láàbù méjì fi lè kọ nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ lè ní ara rẹ̀ yá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìgbà méjì tó kọjá. Ṣé wọ́n fún un ní oògùn ibà pẹ̀lú ẹ̀? Wọ́n sábà máa ń fún wọn pọ̀. Oògùn ibà ló ṣeé ṣe kó ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ ló gba ìyìn. Ọ̀pọ̀ ibà mìíràn sì wà tó ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ ṣe Widal láti mọ̀ bóyá ó ti "kúrò nínú ẹ̀jẹ̀", ó ṣì jẹ́ 1:160, wọ́n tún ta abẹ́rẹ́ fún yín. Widal kì í sọ bóyá ìtọ́jú ti ṣiṣẹ́. Ẹ má fi owó yín ṣe é fún ìyẹn mọ́.

Èyí ń bí mi nínú gidi, nítorí táífọ́ọ̀dù gidi wà, ó sì ń pa èèyàn. Ó ń lu ìfun jálẹ̀. Bí a bá ń fi ceftriaxone àti ciprofloxacin, àwọn oògùn tó ń pa kòkòrò, lé gbogbo ibà kiri, kòkòrò náà á kọ́ bí a ṣe ń borí oògùn. Ciprofloxacin kò ràn án mọ́ lára ọ̀pọ̀ èèyàn báyìí.

Àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀ ni blood culture. Wọ́n á fi spirit nu apá, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ bíi mílílítà 8 sí 10 lára àgbàlagbà, wọ́n á tú u sínú ìgò tó ní oúnjẹ kòkòrò, wọ́n á wá máa ṣọ́ ọ bóyá nǹkan á hù. Èsì lè bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó sì lè tó ọjọ́ méje. Bí kòkòrò bá hù, wọ́n á dán oògùn wò lára rẹ̀, ẹ óò mọ èyí tó ń pa á. Wọ́n ń ṣe é ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi ti ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Gwagwalada. Òun náà lè tàsé, ó tó nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́ tó lè máà rí, nítorí náà dókítà á ṣì wo ara ọkọ yín. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti wọlé tilẹ̀ ń tàsé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi ní kó dúró nìyẹn.

Ìyókù ò le. PCV ló ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára, 42 sì dára fún ọkùnrin. FBS ni ṣúgà ẹni tí kò tíì jẹun. Ọkọ yín ti mu kunu, nítorí náà 6.4 yẹn ò sọ nǹkan kan. Kó tún un ṣe lẹ́yìn tó bá ti gba wákàtí mẹ́jọ láìjẹun, omi lásán nìkan ni kó mu. Creatinine la fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. 98 ti ọkọ yín àti 1.1 ti ẹ̀gbọ́n yín, ọgbọọgba ni wọ́n: láàbù kan fi µmol/L kọ ọ́, èkejì fi mg/dL. Ẹ pín 98 sí 88.4, ẹ óò rí i. Ẹ máa wo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kí àyà yín tó já.

Malaria + ni kẹ́ ẹ mú lọ́kùn-únkúndùn. Bó bá jẹ́ máíkírósíkóòpù ni wọ́n fi wò ó, ó túmọ̀ sí kòkòrò 1 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ibi tí wọ́n wò. Ó kéré, àmọ́ pẹ̀lú ara gbígbóná, ó yẹ kí dókítà tọ́jú rẹ̀. Ẹ bi láàbù bóyá máíkírósíkóòpù ni tàbí ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí. Ike náà kò mọ iye, ó sì lè máa fi ibà tó ti lọ hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Mi ò rí ọkọ yín, mi ò sì fọwọ́ kan ara rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi èyí rọ́pò dókítà. Ẹ gbé e lọ lóru yìí bí inú bá ń run ún gidi tàbí tó le bíi pákó, bó bá ń ya ìgbẹ́ dúdú tàbí ẹ̀jẹ̀, bó bá ń sọ ìsọkúsọ, bí ojú rẹ̀ bá pọ́n bí ìyeyè, bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú bíi Coke, bí kò bá lè mu omi kó dúró, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ níbikíbi. Bó bá lọ sí Bauchi, Taraba tàbí Plateau láìpẹ́, tàbí tí eku ń jẹ nínú oúnjẹ nílé, ẹ sọ ọ́ níbi tábìlì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti gbà yín: Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ibà Lassa lọ́dún 1969, ó sì máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán.

Lálẹ́ yìí, ẹ wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kọ nọ́ńbà àti aago sílẹ̀. Ẹ kó ìwé àyẹ̀wò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọdún yìí jọ, àti páálí gbogbo oògùn tó ti lò, àgbo náà ńkọ́, ẹ má fi pamọ́. Bẹ́ ẹ bá dé iwájú dókítà, kí wọ́n tó kọ oògùn sílẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ fún blood culture.