Dáṣíbọ́ọ̀dù Land Rover Tó Ń Ṣí Bí Ilẹ̀kùn

Ìbéèrè láti Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Land Rover Series III ni bàbá wa fi ń kó kòkó jáde lóko. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní wàhálà, dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń yọ wá lẹ́nu. Bí iná kan bá kú, rẹwáyà á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Kó tó dì í padà tán, wáyà mìíràn ti já. Ní báyìí, géèjì epo àti géèjì ooru ẹ́ńjìnnì jọ ń sáré lọ sókè. Ṣé a lè tún un ṣe kó rọrùn láti ṣí?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra géèjì kankan. Bí méjèèjì bá jọ ń purọ́, ibi tí wọ́n ti jọ ń gba iná ni kí ẹ wò. Àpótí irin kékeré kan wà lẹ́yìn wọn tó ń dín iná bátìrì kù sí fóltì 10. Ara rẹ̀ ló fi ń gba ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì láti ara irin ọkọ̀. Bí ìpẹtà bá wọ abẹ́ ṣkúrù tó dì í mú, gbogbo iná bátìrì ni yóò kọjá sára géèjì. Ẹ tú ṣkúrù náà, ẹ fi sáńpépà ha ìdí rẹ̀ títí yóò fi dán, ẹ dì í padà. Bí ẹ bá fi mítà wò ó, iná á máa wá, á máa lọ. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ má tìtorí ẹ̀ jù ú nù.

Ó wá ku ti ṣíṣí. Ṣáájú Series III, àárín ni géèjì máa ń wà lára páànù irin. Ẹ tú ṣkúrù mélòó kan, ó bọ́ síwájú. Ní 1971 ni wọ́n gbé e síwájú awakọ̀, tí wọ́n fi rọ́bà bò ó. Ẹ fi géèjì sílẹ̀ níbẹ̀. Súìṣì, fíúsì àti rílè (súìṣì tí iná kékeré ń tàn, tó ń gbé iná ńlá) ni kí ẹ kó wá sí àárín, lára páànù alumíníọ̀mù tó nípọn tó mìlímítà 2. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí gé àwòṣe rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá kò ní kan ọwọ́ jíà. Ẹ fi ìnsì gígùn, irú èyí tí káfíńtà ń lò fún ìdérí àpótí, dì í nísàlẹ̀. Lókè, bóòtù méjì tó ṣeé fọwọ́ tú ti tó.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ yọ orí bátìrì. Ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Wáyà Land Rover ní àwọ̀ tirẹ̀: dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, búráùn ń gba iná bátìrì nígbà gbogbo, funfun ń gbé iná nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, gíríìnì sì ń ti ara fíúsì bọ̀. Bí ẹ bá bá ibi tí wọ́n kàn lọ́ wáyà méjì pọ̀, tí wọ́n fi tépù wé e, ẹ tú u wò: tépù á ti yọ̀ bí ewédú, kọ́pà inú rẹ̀ á ti ní ìpẹtà àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni iná ń kú sí. Ẹ gé e dànù.

Ẹ fi wáyà sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 kó lè bá páànù ṣí. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ìnsì, kó lè máa ká, kó má máa nà. Ihò tó bá gbà kọjá gbọ́dọ̀ ní rọ́bà, torí etí alumíníọ̀mù ń gé wáyà bí abẹ lójú ọ̀nà oko. Ẹ wá fi pọ́lọ́ọ̀gì onẹ́nu púpọ̀ sáàárín wáyà páànù àti wáyà ọkọ̀, kí ẹ lè máa yọ ọ́. Ti tòkunbọ̀ dára, bí wọ́n bá gé e pẹ̀lú wáyà tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15.

Gílóòbù iná iwájú méjì, wáàtì 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ń fa ámúpù 10. Fíúsì ámúpù 15 àti wáyà 2.5 mm² ló yẹ ẹ́, kó sì gba ara rílè, tí nọ́ńbà wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀: 30 láti bátìrì, 87 sí iná, 86 láti súìṣì, 85 sí ẹ́ẹ̀tì. Láìsí rílè, súìṣì náà ló ń jó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ gílóòbù pupa tó ń sọ pé bátìrì kò gba iná, ẹ má sì fi LED rọ́pò rẹ̀. Iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń jí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi iná sí bátìrì. Ọ̀pọ̀ ló ti ra ọ́tánétọ̀ tuntun torí gílóòbù yìí.

Ìbéèrè láti Ṣágámù: Ṣé mo lè fi páláńkì pílíwúùdù ṣe páànù yẹn?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alumíníọ̀mù la fara mọ́. Ẹ kun ojú rẹ̀ méjèèjì, etí rẹ̀ àti inú gbogbo ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò oṣù kẹfà á mú un wú, ṣkúrù á sì tú. Igi kì í gbé iná, nítorí náà ohun gbogbo tó ń gba ẹ́ẹ̀tì láti ara irin tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ní wáyà dúdú tirẹ̀ báyìí.