Ẹ ní kó ṣí ẹ̀yìn aago náà kí ẹ tó sanwó

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa máa pé ẹni 70 ọdún lóṣù tó ń bọ̀, àwa ọmọ sì ti dáwó jọ láti ra aago Rolex fún wọn. Owó wa ò ká tuntun, tòkúnbọ̀ là ń wá. Ọkùnrin kan ní Ìkẹjà ní Datejust kan, irú Rolex tó ń fi déètì hàn, lọ́wọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló rà á ní London lọ́dún 1998, pé àpótí rẹ̀ wà, káàdì oníke tó bá a wá náà wà. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́: ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́ ni, kò fò, adé kékeré kan sì wà nínú gíláàsì lápá ìsàlẹ̀, ó hàn ketekete. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ojúlówó ni, kí n sanwó. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀. Kí ló tún yẹ kí n wò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀mí bàbá á gùn ún lò. N kò tíì fojú kan aago yìí, ṣùgbọ́n lẹ́tà yín nìkan ti sọ nǹkan méjì fún mi, méjèèjì ni kò sì bá ọdún 1998 tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ń pè lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú káàdì. Rolex tí wọ́n tà lọ́dún 1998, bébà ló bá a wá. Wọ́n máa ń lu nọ́ńbà aago náà sára bébà yẹn ní ihò wẹ́wẹ́, débi pé tí ẹ bá gbé e sókè sí iná, ẹ ó máa rí ìmọ́lẹ̀ láàárín àwọn ihò náà. Káàdì oníke ò dé títí di nǹkan bíi 2006. Nítorí náà, yálà káàdì yẹn kì í ṣe ti aago yẹn, tàbí aago yẹn kì í ṣe ti 1998, tàbí kí ọ̀gbẹ́ni náà máa parọ́ méjèèjì pọ̀.

Èkejì ni adé inú gíláàsì. Nǹkan bíi 2002 ni Rolex bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná lésà ya adé tíńtín yẹn. Gíláàsì 1998 ò ní i, àfi bí wọ́n bá ti pààrọ̀ gíláàsì náà nígbà tí wọ́n ń tún aago ṣe, èyí sì máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni "ó hàn ketekete" tí ẹ kọ. Èmi tí mo ń fi awò wo aago lójoojúmọ́, mo ní láti da aago síhìn-ín, kí n dà á sọ́hùn-ún lábẹ́ iná kí n tó rí adé yẹn. Adé tí fóònù rí nínú fídíò, ẹni tó ṣe é ló fẹ́ kí ẹ rí i.

Ní ti ọwọ́ tó ń yọ́ lọ, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, ṣùgbọ́n ìmọ̀ àtijọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì Datejust máa ń lù ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 28,800 ní wákàtí kan, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ rẹ̀ fi dà bí ẹni ń ṣàn. Nígbà tí ayédèrú ṣì ń lo bátìrì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń fò ní ìkọ̀ọ̀kan, ìyẹn tó láti fi dá a mọ̀. Lónìí, ẹ́ńjìnnì olówó pọ́ọ́kú láti Ṣáínà ń lù ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ bákan náà. Ó tiẹ̀ tún ní òdì kejì: Rolex fúnra rẹ̀ ṣe aago oníbátìrì kan rí, Oysterquartz, tó jáde ní 1977. Ọwọ́ tirẹ̀ ń fò, ojúlówó pọ́nbélé sì ni. Mo mọ ẹni tó ta ti bàbá rẹ̀ tó ti kú ní owó táṣẹ́rẹ́ nítorí wọ́n ní "ó ń fò, kì í ṣe Rolex." Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ò janpata.

Tí ẹ bá lọ pàdé ọ̀gbẹ́ni yẹn, ẹ mú awò dání. Gíláàsì kékeré tó yọ lórí déètì gbọ́dọ̀ fẹ déètì náà ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀, kí nọ́ńbà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ayédèrú ti ń jábọ́, déètì wọn á dà bí ẹni jìnnà sínú kòtò. Ẹ yí ọwọ́ aago kọjá agogo 12 òru: déètì Datejust máa ń fò lẹ́ẹ̀kan náà ni, kì í rá wọlé. Ẹ wo òrùka dídán tó wà lábẹ́ gíláàsì, tó yí ojú aago ká. Ti 1998 kò ní nǹkan kan lára. Tí ẹ bá rí ROLEXROLEXROLEX tí wọ́n fín yí i ká, aṣọ ìgbà tó dé lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ̀ fún un, torí ó di nǹkan bíi 2005 kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀.

Nísàlẹ̀ ojú aago, lábẹ́ 6, ọ̀rọ̀ tíńtín kan wà níbẹ̀. Àsìkò 1998 yẹn gan-an ni Rolex ń fi tritium sílẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú kí aago tàn lóru. Tí ẹ bá rí lẹ́tà T lẹ́gbẹ̀ẹ́ SWISS, tritium ni wọ́n fi sí i. Agbára tritium sì máa ń dín kù sí ìdajì ní ọdún 12, 12. Aago ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ lè tàn mọ́. Ẹ bò ó mọ́ abẹ́ aṣọ. Tó bá ní T tó sì ń tàn yòò, wọ́n ti kun ojú náà tuntun, tàbí kó má jẹ́ ojú Rolex rárá.

Kó tú ṣéènì rẹ̀. Àwọn kan máa ń bínú tí ẹ bá ní kí wọ́n tú ṣéènì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni nọ́ńbà aago ọdún yẹn wà, láàárín ìwo méjèèjì tó di ṣéènì mú lápá 6; nọ́ńbà irú aago náà wà lápá 12. Ti 1998 sábà máa ń fi U tàbí A bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi awò wo bí wọ́n ṣe fín in. Ojúlówó jinlẹ̀, ó mú, ó ń kọ mànà tí iná bá bà á. Ti ayédèrú rí ṣákaṣàka, bí ìgbà tí iyanrìn bá ha irin. Tí etí tó yí gíláàsì ká bá sì jẹ́ onígun wẹ́wẹ́ bí eyín ayùn, kó sọ fún yín pé góòlù ni, ì báà jẹ́ funfun. Tó bá ní irin ni, kò mọ ohun tó ń tà.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, ayédèrú tí wọ́n náwó lé lórí lè yege nínú rẹ̀. Àdàlù sì burú ju ayédèrú lọ, torí apá kan rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Lóṣù kọkànlá ọdún 2021, wọ́n ta Speedmaster àtijọ́ kan, aago tí Omega, ilé iṣẹ́ aago mìíràn, ṣe, ní gbàǹjo ní Geneva, ó lé ní mílíọ̀nù 3 owó Switzerland. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Omega fúnra rẹ̀ ló rà á. Nígbà tó di 2023, Omega sọ pé wọ́n ṣa ẹ̀yà ara oríṣiríṣi aago jọ láti fi ṣe é ni, pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn tẹ́lẹ̀ sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá lè rí Omega fúnra rẹ̀ mú, ta ni èmi àti ẹ̀yin?

Wọ́n ti rí èmi mú rí. Mi ò tíì pẹ́ nídìí iṣẹ́ nígbà yẹn. Oníbàárà kan mú Datejust wá, ó ní kí n bá òun wò ó kí òun tó sanwó. Mo wo ojú, mo wo nọ́ńbà, mo wo ṣéènì, gbogbo rẹ̀ ló pé. Ẹni tó ń tà á dúró tì wá, ó ń wo àsìkò, ó ní ọkọ̀ òfuurufú fẹ́ fi òun sílẹ̀. Ojú tì mí láti dá a dúró, mi ò ṣí i. Oṣù kẹta sígbà náà, aago kú. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, òrùka ike funfun kan ni mo kọ́kọ́ rí, ó yí ẹ́ńjìnnì ká bí páálí tí èèyàn ká sábẹ́ tábìlì tó ń mì. Ẹ́ńjìnnì yẹn kéré sí ilé tí wọ́n gbé e sí, ni wọ́n bá fi ike há a. Ilé Rolex ni, ojú Rolex ni, inú kì í ṣe ti Rolex. Ẹnì kan ti yọ tòótọ́ tà. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi san ìdajì owó náà padà fún oníbàárà yẹn, díẹ̀díẹ̀.

Torí náà, ẹ ní kó ṣí i níṣojú yín, lọ́dọ̀ alátùn-únṣe tí ẹ̀yin yàn, kì í ṣe èyí tí òun mú wá. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ wà, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀bẹ ṣí i, ẹ gba aago yín lọ́wọ́ rẹ̀. Datejust kì í ní gíláàsì lẹ́yìn. Tí ẹ bá ń rí ẹ́ńjìnnì láìṣí nǹkan kan, ìwádìí ti parí. Ẹ́ńjìnnì tó yẹ kó wà nínú Datejust 1998 ti ọkùnrin ni èyí tí Rolex ń pè ní 3135. Kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láìdúró. Afárá tó gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ méjì, lọ́tùn-ún àti lósì. Ti olówó pọ́ọ́kú ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Nínú etí kẹ̀kẹ́ náà, nọ́ọ̀tì góòlù kéékèèké mẹ́rin ló wà níbẹ̀, òun la ń yí tí aago bá ń sáré tàbí tó ń falẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé kí ẹ wo àwọn kẹ̀kẹ́ pupa. Òótọ́ ni pé wọ́n wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀dà pupa ò wọ́n, àwọn oníjìbìtì náà ń kun tiwọn. Torí pé àwọn kan ti ń ṣe àfarawé afárá pàápàá, kí alátùn-únṣe gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn aago, kó sì fi awò wo bí wọ́n ṣe dán etí irin kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ti tú 3135 rí kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ẹ ò sọ iye tó pè. Ẹ wo iye tí àwọn tó ní ìsọ̀ ní London ń ta irú rẹ̀. Tí tirẹ̀ ò bá tó ìdajì, ẹ bi ara yín léèrè ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi tà á lọ́hùn-ún. Ó lè jẹ́ ojúlówó tí wọ́n jí. Ilé iṣẹ́ kan wà ní London tó ń jẹ́ The Watch Register, nọ́ńbà àwọn aago tí wọ́n jí tàbí tó sọnù wà lọ́dọ̀ wọn. Owó díẹ̀ lẹ ó san kí wọ́n tó bá yín wò ó. Báǹkì ni kí ẹ gbà sanwó, kí nọ́ńbà aago wà nínú rìsíìtì, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun á gbà á padà tí wọ́n bá rí ayédèrú nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà kankan, láti ìparí 2022 ni Rolex ti ń jẹ́ kí àwọn aṣojú rẹ̀ kan ta tòkúnbọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò, pẹ̀lú ìdánilójú ọdún méjì. Ó ṣeé ṣe kó wọ́n ju ti Ìkẹjà lọ dáadáa.

Ẹ pè é lónìí, kí ẹ má bá a jà lórí káàdì. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣí i. Tó bá ní ẹ̀gbọ́n òun ò fẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn án, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi fóònù sílẹ̀. Tó bá gbà, ẹ tún bi í bóyá àwọn ẹyọ ṣéènì tí wọ́n yọ ṣì wà nínú àpótí, torí ọrùn ọwọ́ bàbá lè tóbi ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ẹyọ kan ṣoṣo sì lè gbówó lórí.