Ẹ̀kọ́ wo ni kí n kà kí n lè di olùkọ́ ọmọdé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mò ń múra àtiwọ yunifásítì, iṣẹ́ olùkọ́ ọmọdé ló sì wù mí. Bàbá mi ní kí n ka ìṣirò torí mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi ní sàíkọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà èèyàn, ló dáa jù. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọmọ ọdún mélòó lo fẹ́ máa kọ́? Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé nǹkan bí ọdún mẹ́jọ, ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni ọmọ kékeré ni kó o wọlé fún. Tó bá jẹ́ àwọn tó jù wọ́n lọ díẹ̀, ẹ̀kọ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Sẹ́kọ́ńdìrì ni ìmọ̀ràn bàbá rẹ bá mu.

Bóyá bàbá rẹ ò ní tètè gbà. Ẹ jọ dán èyí wò: ẹ to bọ́tìnnì mẹ́fà sórí tábìlì, kí ẹ to mẹ́fà mìíràn sísàlẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n ṣe déédéé. Ọmọ ọdún mẹ́rin á ní wọ́n dọ́gba. Ẹ wá jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ jìnnà síra kó gùn ju ti òkè lọ. Ojú rẹ̀ lẹ ṣe é, síbẹ̀ ó ṣeé ṣe kó ní ti ìsàlẹ̀ ló pọ̀ jù! Jean Piaget, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ará Switzerland, fi irú ìdánwò yìí ṣàlàyé bí ìrònú ọmọ ṣe ń dàgbà. Ẹni tó ka ìṣirò nìkan lè pe ọmọ náà ní olódo. Olùkọ́ tó kọ́ nípa ọmọdé mọ̀ pé àkókò ni kò tíì tó, á kó bọ́tìnnì náà fún un kó máa fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó.

Sàíkọ́lọ́jì ò burú, ṣùgbọ́n oyè rẹ̀ nìkan kì í sábà sọni di olùkọ́. Wàá ṣì padà lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́.

Kó o tó gba fọ́ọ̀mù, béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ àwọn yunifásítì náà. Ṣé oyè yìí á jẹ́ kí n gba ìwé-àṣẹ olùkọ́ níbi tí mo ti fẹ́ ṣiṣẹ́? Ọdún wo lẹ máa ń kọ́kọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí kíláàsì ọmọdé? Tí wọ́n bá ní ó di ọdún tó kẹ́yìn, èmi ò ní lọ síbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tó kù díẹ̀ kó gboyè ló mọ̀ pé ariwo ọmọdé máa ń fọ́ òun lórí.

Ìṣirò rẹ ò ní ṣòfò. Bí ẹ̀ka náà bá gbà kéèyàn fi ẹ̀kọ́ kejì kún un, òun ni kó o fi kún un.