Ẹ̀rọ Dáyálísíìsì Tó Ń Ṣe Ségesège: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà márùn-ún la mú lóṣù yìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń bá aláìsàn kíndìnrín fọ ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wọn sì ti wá. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò: alààmù á dún, á tún dákẹ́, tí ẹnjiníà bá dé, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó dé. Ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ló ní àkókò tirẹ̀: ìgbà tí kẹ́ẹ̀gì lọ sílẹ̀, ìgbà tí wọ́n yí iná, ìgbà tí inú ẹ̀rọ gbóná. Àkókò yẹn ni ká kọ́kọ́ wá, ká tó wá páàtì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Conductivity ẹ̀rọ wa kan (nọ́ńbà tó ń sọ bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá) máa ń wà ní 14.0 tí a bá bẹ̀rẹ̀. Tó bá di wákàtí kejì, á máa lọ sókè sódò láàárín 13.4 àti 14.1, alààmù á sì dún. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní ṣe é rárá. A ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. (Tẹkiníṣáànù, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra sẹ́ńsọ̀ kẹta. Ó jọ pé òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ yín ń sọ.

Omi mímọ́, ásíìdì àti báíkábónéètì ni ẹ̀rọ ń pò pọ̀ di omi tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Nínú irú ẹ̀rọ tó ń lo 1:34, ìwọ̀n ásíìdì kan ló ń bá ìwọ̀n 34 àwọn yòókù lọ. Tí omi bá ń sáré ní 500 mílílítà láàárín ìṣẹ́jú kan, lítà 120 ni ẹ̀rọ máa pò fún wákàtí mẹ́rin, nǹkan bíi lítà 3.4 ásíìdì ló sì máa fà nínú kẹ́ẹ̀gì. Sẹ́ńsọ̀ ń wo bí iná ṣe ń gba inú omi yìí kọjá. Iyọ̀ ló ń gbé iná, afẹ́fẹ́ kì í gbé e. Tí afẹ́fẹ́ róbótó-róbótó bá bá omi wọlé, nọ́ńbà á já wálẹ̀. Tó bá kọjá lọ, nọ́ńbà á padà.

Wákàtí kejì tí ẹ dárúkọ yẹn ló ṣí ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Ẹ yọ ọ̀pá tó ń fa ásíìdì nínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ gbé e sábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi èékánná tọ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú tó là níbẹ̀ lè tín-ín-rín bí irun orí. Tí kẹ́ẹ̀gì bá kún, ásíìdì ló bo ojú yẹn mọ́lẹ̀, ásíìdì náà ló sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Tí ásíìdì bá ti lọ sílẹ̀ kọjá rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ọ̀pá á máa mu. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ẹ bá fi kẹ́ẹ̀gì tó kún bẹ̀rẹ̀, ó lè má ṣẹlẹ̀, tó sì máa ń yá lọ́jọ́ tí ẹ bá lo àṣẹ́kù àná. Ẹ lọ wo ìwé yín bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí.

Tí ọ̀pá kò bá là, ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà níbi tí ọ̀pá ti wọ ara ẹ̀rọ. Tí ẹ bá rí iyọ̀ funfun tó gbẹ yí i ká, ibẹ̀ ti ń jò. Ẹ fi tuntun sí i, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńsọ̀. Ẹ tún fọ asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀pá, torí tí iyọ̀ bá dí i, pọ́ńpù á máa fà tagbára-tagbára láìrí ohun tó tó mu.

Ẹ fi mítà ọwọ́ tí wọ́n ti yẹ̀ wò ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ má kàn gba omi kún ife kan o, torí omi ife ti po rere àti búburú pọ̀, nọ́ńbà kan náà ni mítà yóò máa kà fún yín ṣáá. Ẹ gba díẹ̀díẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra wọn, nígbà tí nọ́ńbà ẹ̀rọ ń jó lọ́wọ́. Tí mítà bá ń jó bí ti ẹ̀rọ, omi tí ẹ̀rọ pò ni kò dára. Tí mítà bá dúró sójú kan, ìgbà yẹn la tó lè fura sí sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà rẹ̀. Ẹ má gbàgbé wáyà sẹ́ńsọ̀ ooru pẹ̀lú: nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ni conductivity fi ń yí pẹ̀lú ìwọ̀n ooru kan, ẹ̀rọ ló sì ń ṣírò rẹ̀. Tí wáyà ooru bá tú díẹ̀, tí ó ń tan ẹ̀rọ jẹ pẹ̀lú ìwọ̀n kan péré, 14.0 á ti yẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 0.28.

Bí gbogbo èyí bá dára, ó ku pọ́ńpù tó ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú omi. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, agbára tó fi ń fà máa ń wà ní nǹkan bíi −600 mmHg. Ìwé ẹ̀rọ tiyín ni kí ẹ gbà gbọ́. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ á ṣẹ́kù sínú omi, yóò sì máa jáde níbi tí híítà ti gbóná.

Báíkábónéètì tí ẹ fọwọ́ pò kò gbọdọ̀ ju wákàtí 24 lọ, ẹ má sì rò ó ní àròjù, torí gáàsì inú rẹ̀ á sá lọ.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbọ́ ni pé ẹnì kan fẹ ààlà alààmù sí i kí ariwo lè dákẹ́. Tí omi bá fúyẹ́ jù, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ á wú, á sì bẹ́ nínú ara ènìyàn. Alààmù ló ń darí omi burúkú gba ẹ̀gbẹ́ dáyáláísà (asẹ́ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀) kọjá kó má bàa kan ẹ̀jẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ tó wà ní ipò kẹta nìkan ló máa ń dún láìnídìí. Tí wọ́n bá sì ń yí iná sí jẹnẹrétọ̀, ó máa ń kú pátápátá. Àwọn yòókù kì í kú. Ẹnjiníà ní kò sí ohun tó ṣe é. (Nọ́ọ̀sì, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ ní kí ẹnjiníà gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ipò kìíní, kó gbé ti ipò kìíní wá sí ipò kẹta, kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rọ tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ní Hepatitis B nìkan ni kò gbọdọ̀ kúrò láyè rẹ̀. Bí wàhálà bá tẹ̀lé ẹ̀rọ, inú ẹ̀rọ ló wà. Bó bá jókòó sí ipò kẹta, ara ògiri ni ká wò: sọ́kẹ́ẹ̀tì, omi tó ń wọlé, páìpù tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde.

Kí oníná wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì náà nígbà tí híítà ẹ̀rọ kò tíì tan, kó tún wọ̀n ọ́n nígbà tó tan. Tí 225 fóòtì bá já sí 205 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wáyà kan ti tú níbì kan. Púlọ́ọ̀gì tó gbóná lọ́wọ́ tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ ti sun dúdú ń sọ ohun kan náà.

Ti pé ó ń kú nígbà tí iná bá yí, bátìrì inú rẹ̀ la fura sí. Òun ló yẹ kó gbé pọ́ńpù ẹ̀jẹ̀ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ dán an wò nígbà tí aláìsàn kankan kò sí lórí ẹ̀rọ: ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wo aago. Tí kò bá tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Títí ìgbà náà, kí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ ibi tí ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí pọ́ńpù wà.

Bí gbogbo ẹ̀rọ bá dún pa pọ̀ nígbà tí iná yí, ẹ má ṣí ọ̀kankan nínú wọn. Pọ́ńpù RO tó ń fọ omi ló dúró, tí agbára omi já.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Híítà tó ń fún wa ní 1,500 wáàtì ní 230 fóòtì, nǹkan bíi 920 péré ló máa fún wa ní 180 fóòtì. Lójú iṣẹ́, ẹ lè má mọ̀, torí omi ilẹ̀ wa ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó wọlé, nǹkan bíi 400 wáàtì sì tó láti gbé e láti ìwọ̀n Celsius 25 dé 37. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fi omi tó gbóná ju 80 lọ pa kòkòrò lálẹ́ ni yóò kọ̀ tí kò ní parí, tí ẹ ó máa bú sẹ́ńsọ̀ ooru tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Alààmù ẹ̀jẹ̀ ń jò máa ń dún, àmọ́ a kì í rí ẹ̀jẹ̀. (Nọ́ọ̀sì, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ojú nìkan kò tó ẹlẹ́rìí. Ẹ fi bébà tí wọ́n fi ń dán ẹ̀jẹ̀ wò kan omi tó ń jáde ní gbogbo ìgbà tó bá dún. Tó bá fi ẹ̀jẹ̀ hàn, ẹ dá ìtọ́jú dúró, kí ẹ pe dókítà, kí ẹ má sì dá ẹ̀jẹ̀ inú rọ́bà padà sára aláìsàn.

Tí kò bá sí ẹ̀jẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú sẹ́ńsọ̀ ló ti dọ̀tí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú omi kọjá níbẹ̀. Nǹkan funfun bí ẹfun, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù, lè bò ó. Citric acid ló ń tú ẹfun yẹn, bílíìṣì ló ń tú ọ̀rá àti purotéènì. Ẹ má jẹ́ kí méjèèjì pàdé láé, gáàsì olóró ló máa jáde. Ẹ fi omi ṣan ẹ̀rọ tán pátápátá láàárín wọn.

ÌBÉÈRÈ: Nọ́ńbà venous pressure (agbára ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sára aláìsàn) máa ń dúró sójú kan bí ẹni kú, lẹ́yìn náà á fò sókè. (Tẹkiníṣáànù, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé asẹ́ funfun róbótó tó wà lẹ́nu rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ fi ń wọn agbára yẹn ti rin. Afẹ́fẹ́ kì í gba inú èyí tó rin kọjá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀: tí ẹ̀jẹ̀ bá ti kọjá síbẹ̀, ẹ má lo ẹ̀rọ náà fún ẹlòmíràn títí ẹnjiníà á fi ṣí i, tó pààrọ̀ asẹ́ inú, tó sì pa kòkòrò ibẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Tí a bá ti ṣí ìdérí ẹ̀yìn ẹ̀rọ wa, á dára. Tí a bá dé e, lẹ́yìn wákàtí kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo la lè gbà pé ó ti sàn? (Ẹnjiníà, Ìlọrin)

ÌDÁHÙN: Ìdérí tí ẹ ṣí yẹn ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ fọ asẹ́ fáànù, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku máa ń dí i bí aṣọ. Ẹ wò ó bóyá fáànù ń yí dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ wọ okùn ọwọ́ tó ń gbé iná ara lọ sílẹ̀, kí ẹ yọ àwọn wáyà bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo ẹnu wọn. Ibi tó bá ti ní àwọ̀ ewé tàbí ìyẹ̀fun funfun, omi tàbí ásíìdì lè ti kán síbẹ̀ rí. Ẹ nù ún, kí ẹ sì wá ibi tó ti ń kán.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá yí mẹ́ta pa pọ̀, tó sì dára, ẹ ò ní mọ èyí tó wò ó.

Ẹ dé ìdérí padà, kí ẹ lò ó fún wákàtí mẹ́rin láìsí aláìsàn, kí ooru rẹ̀ jọ ti ojú iṣẹ́. Ẹ fi mítà ọwọ́ yẹ conductivity àti ooru wò, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ mú alààmù kọ̀ọ̀kan dún, ẹ wọn iná tó ń jò sára ẹ̀rọ, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Páàtì tí ẹ yọ, ẹ má jù ú nù. Ẹ lẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ àti ọjọ́ mọ́ ọn, kí ẹ gbé e pa mọ́ fún oṣù kan: tí alààmù náà bá padà wá, òun kọ́ ló jẹ̀bi, ẹ lè dá a padà sáyè rẹ̀.