Ta ló ń jẹ nínú kòkó tó o fẹ́ gé?

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní ẹni tí ẹ jọ pààlà lóko lọ́nà Ìkẹ́rẹ́ ń hú pèrègún ààlà, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń já kòkó rẹ, o wá ń béèrè bóyá ó burú bí ìwọ náà bá wọ oko rẹ̀ lóru kó o gé tirẹ̀ lulẹ̀.

Ó burú. Àmọ́ mi ò ní sọ fún ọ pé kó o fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ kó o lọ jókòó. Èmi ò jókòó.

Ìtòsí Ìjerò ni oko tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún wa wà. Èkó ni ẹni tí a jọ pààlà ń gbé. Ní 2024 tí owó kòkó fò sókè, tí tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé, ojú gbogbo àwọn tó ní oko là sí oko tí wọ́n ti pa tì. Ká tó mọ̀, pèrègún ti rìn wọ inú ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀: kùkùté èyí tí wọ́n gé ti ń rúwé padà níbi tí bàbá wa gbìn ín sí.

Àbúrò mi ọkùnrin ti pọ́n àdá. Mo bi í pé ta ló ń jẹ nínú kòkó tó fẹ́ lọ gé. Ará Ebira kan ló ń bá ọkùnrin náà tọ́jú oko, òun àtìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé inú ahéré níbẹ̀, ìpín ló sì ń gbà lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀gá Èkó á bínú díẹ̀, á sì jẹun alẹ́ rẹ̀. Ará Ebira yẹn ni ebi máa pa, torí kòkó tuntun á lo ọdún 3 sí 5 kó tó so. Bóyá òun náà ni wọ́n rán láti gé pèrègún. Ẹni tó rán an ni mò ń bá jà.

Ẹlòmíràn ní kí n lọ sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá pé ọ̀gá náà yọ àdá sí mi. Ìyẹn ló ṣòro jù láti kọ̀, kí n má purọ́ fún ọ. Kò ná mi ní nǹkan kan, wọ́n á sì tì í mọ́lé, ohun tó ń wù mí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò yọ àdá sí mi rí. Bí mo bá fi irọ́ gba ilẹ̀ tó jẹ́ tèmi lóòótọ́, kí ni mo fi sàn ju ẹni tó ń sún ààlà?

Òfin náà wà ńbẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ààlà, ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Bó o bá gé kòkó rẹ̀, ó di ẹ̀sùn ọ̀daràn, ìwọ tí wọ́n rẹ́ jẹ á sì di olùjẹ́jọ́.

Bó o bá ká wọn mọ́ inú oko rẹ, pariwo, lé wọn, gba kòkó rẹ. Fi ààlè sí i: so ṣùkù àgbàdo àti àkísà mọ́ igi níbi tí ojú á ti rí i. Ààlè tẹ́ mi lọ́rùn torí ó ń kìlọ̀ ṣáájú, lójú gbogbo ayé. Ohun tó bá jẹ́ òru nìkan lo lè ṣe é, fura sí i.

Ní tèmi, a pe ọ̀gá Èkó yẹn sọ́dọ̀ àwọn ìjòyè, kò wá. Ló bá di kóòtù ìbílẹ̀. Ó pẹ́, ó sì jẹ owó. Wọ́n wá wo ilẹ̀, àwọn àgbà jẹ́rìí, a fi kùkùté hàn wọ́n, wọ́n dá ilẹ̀ wa padà. Kòkó tí wọ́n ti já, mi ò rí kọ́bọ̀ gbà lórí ẹ̀. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ta ló ń wá ọ̀rẹ́ rẹ̀? Mi ò kí i dòní.

Ya fọ́tò ìdí pèrègún rẹ lọ́la kí wọ́n tó hú u tán, kó o sì lọ bá àgbà tó mọ ààlà yẹn nígbà tó ṣì lè rìn dé oko.