Oníoyin Ìsánlú, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ orúkọ rẹ máa wà?

Àbúrò mi tó ń ta oyin ní Ìsánlú, ọ̀kun o. O bèèrè pé ṣé orúkọ rẹ àti àwòrán rẹ ni kí o lẹ̀ mọ́ ìgò, àbí kí o wá orúkọ iléeṣẹ́ kan tó dùn-ún gbọ́. O tún ní ẹnì kan fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ láti bá ọ ṣe gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo.

Gààrí ni mò ń tà ní Kábbà. Ọkùnrin kan tó ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń sọ oníṣòwò di ẹni mímọ̀ ló bá mi ṣí ojú òpó Facebook àti WhatsApp. Ó ya àwòrán mi, ó tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá, ó sì dára lóòótọ́. Àwọn ọmọ Òkun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, tó wà ní Lọ́kọ́ja àti Àbújá bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Àṣé SIM tó fi ṣí i, NIN tirẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba, ló so mọ́ ọn. Ímeèlì rẹ̀ náà ni. Kò sọ fún mi. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa san owó lóṣooṣù, iye tí èrè gààrí ò lè gbé. Mo ní rárá. Ló bá yọ mí kúrò lójú òpó náà, ó ń fi ojú mi ta gààrí ẹlòmíràn.

Níbi òkú kan ní Ìjùmú ni màmá kan ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lọ gbé ọ̀rá gààrí kan jáde nínú ọkọ̀. Àwòrán mi ló wà lára rẹ̀, èmi tòun ti gèlè aláwọ̀ ewé mi. Ó bu gààrí náà sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n jẹ ẹ́. Iyanrìn ń ró lábẹ́ eyín mi. Ó wá dárúkọ ìyá mi, ó ní ṣé bí ìyá rẹ ṣe kọ́ ọ nìyí? Ìyá mi tó yan gààrí títí ó fi darúgbó, tẹ́nikẹ́ni ò rí ẹ̀gbin nínú tirẹ̀ rí! Mi ò lè fi oúnjẹ kan ẹnu mọ́ lọ́jọ́ náà.

Mo lọ bá agbófinró. Wọ́n ní orúkọ ta ló wà lórí SIM? Wọ́n ní kí n lọ sí iléeṣẹ́ tẹlifóònù. Àwọn yẹn ní ẹni tó ni nọ́ńbà ni kó wá fúnra rẹ̀. Olè ni kó wá bá mi gba ohun tó jí! Wọn ò tiẹ̀ gbójú wo ọ̀rá tí mo gbé lé tábìlì wọn. Láti ìparí ọdún 2020 ni ìjọba ti ní ká so SIM mọ́ NIN, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé fún oníṣòwò pé ẹni tí NIN rẹ̀ wà lórí nọ́ńbà ni wọ́n máa mọ̀ lóníǹkan.

Ohun tó gbà mí ni pé mo ra SIM tuntun, mo ń ya fídíò ara mi nídìí agbada, mo ń sọ Owé, èdè wa ní Kábbà, níbẹ̀. Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ọmọ ibí, kò lè sọ ọ́. Àwọn oníbàárà mọ ohùn, wọ́n padà. Nítorí náà, máa sọ èdè Yàgbà rẹ, má wulẹ̀ máa fa òyìnbó.

Ra SIM fúnra rẹ. Ọ̀fẹ́ ni WhatsApp Business. Fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ oníye mẹ́fà tì í. Lórí Facebook, ìwọ ni kí àṣẹ kíkún wà lọ́wọ́ rẹ, fún ẹlòmíràn ní díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ní kí o wá yá nọ́ńbà NAFDAC òun lò, ti àjọ tó ń yẹ oúnjẹ àti oògùn wò, sá fún un. Nọ́ńbà ọjà kan kò ṣeé lẹ̀ mọ́ òmíràn, ìwọ ni wọ́n máa mú.

Ní ti orúkọ: lo orúkọ rẹ. Ilẹ̀ Òkun nìyí, "ọmọ ta ni?" ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́. Ṣùgbọ́n fífi orúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, kò tíì sọ ọ́ di àmì ọjà (trademark) rẹ. Ọ́fíìsì àmì ọjà tó wà ní Àbújá ló ń ṣe ìyẹn. Ọdún 7 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ni, tí a bá sì tún un ṣe, ọdún 14. Ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni wọ́n pín ọjà sí níbẹ̀, Ìsọ̀rí 30 ni oyin wà. Òfin kì í fẹ́ gba orúkọ ìdílé lásán tàbí orúkọ ìlú lásán, ìyẹn ni pé "Oyin Ìsánlú" nìkan lè má kọjá. Orúkọ rẹ tí a kọ lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, tàbí bí o ṣe ń fọwọ́ sí ìwé, ìyẹn lè kọjá.

Ẹni tó fẹ́ bá ọ ṣe é, jẹ́ kó ya àwòrán, kó ṣe lébẹ́ẹ̀lì, kí o san owó iṣẹ́ rẹ̀. Gba àwòrán náà sórí fóònù tìrẹ kí o tó san èyí tó kù.