Èsì: Ẹ má fín oògùn sí igbó tó yí ọmọ kòkó yín ká

Ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ní ewé Akíntọ́lá ti fẹ́ bo ọmọ kòkó tí ẹ gbìn lọ́dún yìí, ẹ sì fẹ́ fín gbogbo ilẹ̀ náà kó mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín in. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé bá ọmọ kòkó lórí ilẹ̀ gbalaja, oòrùn á pa á.

1. Ìdí kòkó nìkan ni kí ẹ ro, kó tó gígùn apá kan yíká.

2. Ẹ bẹ́ ewé Akíntọ́lá tó kù mọ ní ìbàdí, kí ẹ tẹ́ ewé rẹ̀ sí ìdí kòkó. Kó má kan igi kòkó o, nítorí ikán. Ẹ ṣí ewé yẹn wò lẹ́yìn òjò mélòó kan: ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á dúdú, á tutù, ekòló á sì wà níbẹ̀.

3. Bí òjò bá ṣì ń rọ̀, ẹ ki ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sáàárín kòkó tí ẹ gbìn ní mítà 3 sí 3.

Igi afàrà tàbí ìdígbó tó bá hù fúnra rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Òun ló máa ṣíji bo kòkó nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kúrò. Àràbà ni kí ẹ fà tu, torí àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ koríko ẹ̀kan ló pọ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹ kò tíì gbin kòkó sí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ó ń bá kòkó du omi, iná ìgbà ọyẹ́ sì máa ń tètè ràn án. Ẹ̀kan kò fẹ́ ìbòòji rárá: ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ gbin igi agúnmániyè bò ó kí ẹ tó mú kòkó débẹ̀.